Ìwé Àkọsílẹ̀ Ìwádìí Ìlera Ni Blockchain Ti Ṣẹ̀ Wá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú Bitcoin, owó orí kọ̀ǹpútà, ni blockchain ti jáde, ìyẹn àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tí a so ohun tí a kọ sínú rẹ̀ mọ́ra wọn kí ẹnikẹ́ni má bàa yí i padà láìhàn, àti pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn olùṣèwádìí ìlera ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yá a lò. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Awuyewuye lórí ìwé àkọsílẹ̀ yàrá ìwádìí ìlera wà lára ohun tí ó bí i.

Ní ọdún 1986, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà, tí David Baltimore tí ó ti gba ẹ̀bùn Nobel wà lára wọn, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde nípa bí ara ṣe ń gbógun ti àrùn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fẹ̀sùn kan ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan pé ó yí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà padà. Ẹjọ́ náà dé iwájú àwọn aṣòfin, àwọn òṣìṣẹ́ Secret Service, àjọ ìjọba tí ó ń ṣèwádìí ayédèrú owó, sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ tàdáwà àti bébà wò kí wọ́n lè mọ ọjọ́ tí a kọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ọdún 1996 ni wọ́n tó dá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn láre.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Scott Stornetta, onímọ̀ físíìsì ní ilé iṣẹ́ Bellcore, lọ́kàn. Bí ìwé tí a fọwọ́ kọ bá lè fa irú wàhálà báyìí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí fáìlì inú kọ̀ǹpútà, èyí tí a lè tún kọ láìfi ojú àpá kankan sílẹ̀? Òun àti Stuart Haber, tí ó mọ̀ nípa ìṣirò ìpàṣírímọ́, jọ gbé e yẹ̀ wò. Wọ́n lè fi fáìlì sọ́wọ́ alágbàtọ́ kan, ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣọ́ alágbàtọ́ náà bí òun àti ẹni tí ó ni fáìlì bá lẹ̀dí àpò pọ̀? Ojútùú tí wọ́n rí ni pé kí gbogbo ènìyàn di ẹlẹ́rìí. Ìṣirò kan máa ń sọ fáìlì, bó ti wù kó gùn tó, di òǹtẹ̀ kúkurú. Bí a bá yí àmì ohùn kan ṣoṣo padà nínú fáìlì náà, òǹtẹ̀ rẹ̀ yóò yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n wá so òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, débi pé ẹni tí ó bá fẹ́ yí ti àná padà gbọ́dọ̀ yí gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú. Ọdún 1991 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde.

Ní ọdún 1995, ilé iṣẹ́ wọn, Surety, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ òǹtẹ̀ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ìròyìn New York Times, ní ojú ewé tí àwọn ènìyàn ti ń kéde ohun tí ó sọnù. Nígbà tí Satoshi Nakamoto, ẹni tí ó dá Bitcoin sílẹ̀, kọ ìwé tí ó fi ṣàlàyé rẹ̀ ní 2008, iṣẹ́ mẹ́jọ péré ni ó tọ́ka sí. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ti Haber, Stornetta àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn.

Ọdún 2016 ni èrò náà padà sídìí ìlera tagbáratagbára. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ìdíje àpilẹ̀kọ lórí rẹ̀. Lára àwọn tí ó borí ni MedRec, tí àwọn ará yunifásítì MIT ṣe, nínú èyí tí dátà aláìsàn ń wà níbi tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, tí blockchain sì ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tí aláìsàn fún láyè láti wò ó. Lọ́dún kan náà, àpilẹ̀kọ kan dábàá pé kí a lu òǹtẹ̀ sí ètò ìwádìí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn olùṣèwádìí kan a máa pààrọ̀ ohun tí wọ́n ní àwọn ń wá nígbà tí èsì kò bá wù wọ́n. Wọ́n fa àpilẹ̀kọ náà fúnra rẹ̀ padà lẹ́yìn náà, àmọ́ àbá rẹ̀ kò kú.

Òfin ìdáàbòbò dátà ti ilẹ̀ Yúróòpù, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti ní kí a pa dátà òun rẹ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó bá ti wọ blockchain kò ṣeé parẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ kì í fi í kó orúkọ àti àìsàn ènìyàn síbẹ̀. Òǹtẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi síbẹ̀. Òǹtẹ̀ náà kò sì lè sọ bóyá òótọ́ ni iye ìfúnpá tí nọ́ọ̀sì kọ sílẹ̀. Ohun tí ó lè jẹ́rìí sí ni pé láti ọjọ́ báyìí, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, ìyẹn ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ Secret Service ń wá kiri lára tàdáwà.