Àṣejù ìdára-ẹni-lójú àti ipò níbi iṣẹ́

Àṣejù ìdára-ẹni-lójú ni kí ènìyàn gbà tọkàntọkàn pé òun mọ nǹkan, tàbí pé òun mọ̀ ọ́n ṣe ju àwọn ẹgbẹ́ òun lọ, nígbà tí òótọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe irọ́ pípa. Òpùrọ́ mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa, ṣùgbọ́n ẹni tí à ń wí yìí gba ara rẹ̀ gbọ́, ìdí sì nìyẹn tí ohùn rẹ̀ kì í fi í gbọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká wo ìpàdé àárọ̀ ọjọ́ Ajé ní ọ́fíìsì kan ní Marina, níbi tí ọ̀gá ti béèrè ìgbà tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ka tuntun ní Ìkòròdú yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀kan dáhùn kíá pé, "Ọjọ́ Ẹtì, sà, kò sí wàhálà," bẹ́ẹ̀ kò tíì débẹ̀ rí. Ẹnìkejì, tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ to wáyà ẹ̀ka mìíràn, ní ó dìgbà tí àwọn bá yẹ iná ibẹ̀ wò. Ẹni àkọ́kọ́ ni ọ̀gá kọjú sí títí ìpàdé fi parí. Ẹnu dùn-ún ròfọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ìpàdé, ẹnu nìkan ni gbogbo ènìyàn ń rí.

Cameron Anderson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley tẹ ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2012. Wọ́n to orúkọ àwọn ènìyàn àti ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìtàn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ okòwò, wọ́n sì da orúkọ àfinúrò pọ̀ mọ́ ọn, pé kí kálukú mú èyí tó mọ̀. Àwọn tó sọ pé àwọn mọ ohun tí kò sí láyé gan-an ni ẹlẹgbẹ́ wọn ń bu ọlá fún jù nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ ń parí lọ. Ìwádìí náà tún fi hàn pé àwọn tí ipò ń wù jù ni àṣejù yìí ń bá jà jù. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ara wọn sì balẹ̀, ìyẹn làwọn tó ń wò wọ́n sì ń kà sí ọgbọ́n. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé, nínú ìwádìí mìíràn ní 2013, nígbà tí àṣírí tú pàápàá, ìbínú àwọn ẹlẹgbẹ́ kò le tó bí a ti lè rò.

Lójú tèmi, kò yẹ kí ìgbéga dá lórí bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nípàdé. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dá sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ parí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ìwé méjèèjì wà lórí tábìlì kí wọ́n tó dárúkọ mánéjà.