Ogbó tó mọ̀nà: bí òǹkọ̀wé ṣe ń hun ìtàn ayé tí kò sí

Ìtàn kan wà lẹ́nu àwọn àgbà Ìgbómìnà nípa bí orúkọ wọn ṣe wáyé. Wọ́n ní ogbó kan, ìyẹn àdá, ló ń ṣáájú àwọn baba ńlá wọn nígbà tí wọ́n ń ṣí kiri. Ibi tí igbó bá ti dí, tí ọ̀nà bá ti pin, ogbó náà ló ń júwe ibi tí wọn yóò gbà. "Ogbó mi mọ̀nà" ni wọ́n ń wí, òun ló sì di Ìgbómìnà. Ọmọ tó bá gbọ́ ìtàn yìí ní Òmù-Àrán tàbí Àjàṣẹ́-Ìpó kì í sábà béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ mérìíyìírí, ìyẹn ìtàn nípa ayé tí kò sí, ni kò ní jẹ́ kó tán síbẹ̀. Á jókòó ti ogbó náà, á máa da ìbéèrè bò ó. Ta ló rọ ọ́? Ṣé ọ̀nà gbogbo ló mọ̀, àbí ọ̀nà ibi tí olówó rẹ̀ ń lọ nìkan? Bí olówó rẹ̀ kò bá mọ ibi tó ń lọ ńkọ́? Kí ni ogbó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fọ̀nà hàn?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ni ìtàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èrò àkọ́kọ́ kì í ṣòro rí. Ẹni tó wọ ọkọ̀ láti Ìlọ́rin lọ sí Ọ̀fà lè ro mẹ́wàá kó tó sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ gan-an wà nínú òfin: òǹkọ̀wé á yí nǹkan kan padà nínú ayé, á fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ bí a ṣe mọ̀ ọ́n, á wá máa tọ ipasẹ̀ ohun tó yí padà náà lọ. Bí ogbó bá ń fọ̀nà hàn lọ́fẹ̀ẹ́, ìtàn ò sí, nítorí akọni inú rẹ̀ kò ní ṣìnà láé. Àfi kí ogbó ní iye tó ń gbà. Ká ní ọ̀nà tuntun kọ̀ọ̀kan tó bá fi han olówó rẹ̀, ọ̀kan nínú èyí tí ọkùnrin náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò parẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ọ̀nà oko kan tó ti di igbó ló gbàgbé, kò tilẹ̀ fura. Lẹ́yìn oṣù kan, ọ̀nà odò. Nígbà tí ọdún bá fi máa yí po, á lè la igbó já dé Bídà lóru dúdú, ṣùgbọ́n á dúró sí ojúde ìyá rẹ̀ ní Òró, á máa bi àwọn ọmọdé pé níbo ni ilé ìyá òun wà.

Láti ibẹ̀ lọ, òǹkọ̀wé ò ní fi ogbó sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá wà lóòótọ́, àwọn awakọ̀ ní gáráàjì á fẹ́ ẹ. Àwọn tó ń jà sí ààlà ilẹ̀ á gbé e wá síwájú ọba pé kó wá jẹ́rìí ibi tí ọ̀nà àtijọ́ gbà. Olè á wá a. Àwọn ìyá á máa fi í pamọ́ fọ́mọ. Alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́ ńkọ́? Ṣé ó lè gbà á padà? Ká ní ó lè gbà á, tí gbogbo ọ̀nà tó ti parẹ́ yóò sì padà sórí olówó rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìdáhùn wọ̀nyí kò ní wọnú ìwé. Wọ́n á wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹkọ̀wé, pẹ̀lú àwọn òfin kéékèèké: ogbó kì í tọ́ka síbi tí kò sí mọ́, kì í ṣiṣẹ́ lórí omi, kì í dá ẹni tí kò tíì mú un dání lóhùn.

Ìdí tí a fi ń kọ òfin sílẹ̀ ni pé ọjọ́ ìdánwò ń bọ̀. Ní ojú ìwé igba, akọni á há, ó á sì wu òǹkọ̀wé kí ogbó ṣe ohun tí kò ṣe rí kó lè yọ ọ́. Òǹkàwé á mọ̀. Àwọn tó ń gbọ́ àlọ́ mọ èyí dájú. Ìjàpá yá ìyẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹyẹ, ó fò, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò pé báwo ni ahun ṣe ń fò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan bá gba ìyẹ́ rẹ̀ padà, Ìjàpá gbọ́dọ̀ já bọ́. Apàlọ́ tó bá ní ó ṣì wà lókè, àwọn ọmọ tó yí i ká ni yóò kọ́kọ́ pariwo lé e lórí.

Bó bá jẹ́ ìtàn ajẹmọ́-sáyẹ́ǹsì ni, òfin ti wà nílẹ̀ kí òǹkọ̀wé tó dé, ìṣirò ló sì máa fi rí i. Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan ní Ọ̀fà tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì. Nígbà tí Máàsì bá sún mọ́ wa jù lọ, ó fi bíi mílíọ̀nù 55 kìlómítà jìnnà sí ayé. Nígbà tó bá lọ jìnnà jù, ó tó mílíọ̀nù 400. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré bíi 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn tí ẹ̀rọ bá sì gbé gba inú òfuurufú kò lè yá jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ tó bá kúrò ní Ọ̀fà á lo bí ìṣẹ́jú 3 kó tó dé ọ̀hún nígbà tí ibẹ̀ bá sún mọ́, bí ìṣẹ́jú 22 nígbà tó bá jìnnà. Òǹkọ̀wé tí kò bá ṣírò èyí á kọ ìpè fóònù tó ń lọ tó ń bọ̀ geerege, ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ á sì pa ìwé dé.

Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ á rí ìtàn he. Yorùbá kì í dédé wọnú ọ̀rọ̀. Ọmọ ló ń kọ́kọ́ kí ìyá. Ìyá á jẹ́ ẹ, á béèrè ara, á béèrè iṣẹ́, á béèrè àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ á sì máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìkíni kan àti èsì rẹ̀ bá ń gba ìṣẹ́jú 44, ìkíni márùn-ún á gba wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 40 kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohun tó tìtorí rẹ̀ pè. Kí ni ìyá á ṣe? Ó lè gba gbogbo ìkíni náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó máa dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ lè ráyè jẹ́ ẹ. Ọmọ á wà nínú yàrá rẹ̀, á máa dá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìyá rẹ̀ lóhùn, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé kò gbọ́. Ìran yẹn kì bá tí wáyé ká ní òǹkọ̀wé kò mú bírò kó ṣírò. Bí ìṣirò ṣe ń bímọ nìyẹn, ó sì dára púpọ̀.

Àwọn òǹkà mìíràn náà ń bímọ. Fífà ilẹ̀ Máàsì kò ju ìpín 38 nínú 100 tiwa lọ, nítorí náà àpò ìrẹsì oní-50 kílò á fúyẹ́ lọ́wọ́ bí kílò 19. Ọmọkùnrin tó bá dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ á pẹ́ díẹ̀ kí àyà rẹ̀ tó kanlẹ̀. Ní Ìlọ́rin, tí ilé kéú pọ̀ káàkiri, ìbéèrè tí òǹkàwé máa kọ́kọ́ bi ọmọ àdúgbò Pákátà tó lọ sójú òfuurufú ni pé báwo ló ṣe ń kírun. Ibùdó òfuurufú tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ń lò máa ń yí ayé po bí ìgbà 16 láàárín wákàtí 24. Oòrùn á yọ, á wọ̀, á tún yọ. Ìbéèrè yìí ti jẹyọ rí. Nígbà tí Sheikh Muszaphar Shukor, ọmọ Màléṣíà, lọ síbẹ̀ ní ọdún 2007, nínú oṣù Ramadan, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ìlú rẹ̀ kọ ìlànà fún un: ìrun márùn-ún láàárín wákàtí 24, kí àkókò wọn bá ti ibi tó ti gbéra mu. Òǹkọ̀wé tó bá wá ìdáhùn yìí rí kò ní nílò láti fo ọ̀rọ̀ ìrun dá.

Ibùdó ìtàn náà ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ da eégún abàmì sí àárín Ìlọ́rin, kó kọ́kọ́ gbọ́ oríkì ìlú náà: Ìlọ́rin Àfọ̀njá ò léégún, ẹṣin leégún ilé, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Ẹṣin ni kó wò. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ẹṣin kan bá jó wọ ìlú lọ́jọ́ ọdún tí kò sí ẹni tó mọ ẹni tó gùn ún? Bákan náà, ẹni tó fẹ́ kọ nípa ère tó ń mí, ẹsẹ̀ ló yẹ kó fi lọ sí Ẹ̀sìẹ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1945, ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ère òkúta tó wà níbẹ̀ sì lé ní 1,000. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó sórí àpótí, wọ́n di irun dáadáa, àwọn kan di ohun ìjà mú. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Ẹni tó gbẹ́ wọn gan-an, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ rẹ̀ sọ̀yà. Àlàfo bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n fọ́tò kò lè sọ bí ó ṣe rí lára láti dúró láàárín ọ̀pọ̀ ojú tí kò ṣẹ́.

Èdè wá ńkọ́? Ibí yìí ni iṣẹ́ ẹni tó ń fi Yorùbá kọ ti yàtọ̀. Orúkọ wo ni ká fún ọkọ̀ tó ń lọ sí Máàsì? Ọkọ̀ òfuurufú ti di ti bàálù. Ọ̀pọ̀ á jókòó gbẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn kan jáde, á sì fi sẹ́nu gbogbo èèyàn inú ìtàn. Ìyẹn kò rí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ló ń pe ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Nínú ilé, tẹlifíṣọ̀n la ń tàn. Nítorí náà ohun tuntun inú ìtàn yẹ kó ní orúkọ méjì, ọ̀kan fún agbóhùnsáfẹ́fẹ́, ọ̀kan fún ọlọ́kadà, òǹkàwé á sì gbà pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó.

Àmì ohùn kò ṣeé fi ṣeré níbí. Nínú ìtàn nípa ayé tí a mọ̀, òǹkàwé lè fi òye gbé ọkọ, ọkọ́, ọ̀kọ̀ àti ọkọ̀ bí kò bá tilẹ̀ sí àmì lórí wọn. Nínú ayé tí ọ̀kọ̀ lè fò fúnra rẹ̀, tí ọkọ̀ náà sì ń fò, òye nìkan kò tó mọ́.

Ní ti kíkọ fúnra rẹ̀, kò sí àdììtú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó níṣẹ́ míì lọ́wọ́ máa ń kọ lẹ́yìn ìrun àárọ̀ kí ilé tó jí, tàbí lálẹ́, lórí fóònù tí iná bá lọ. Ẹni tó bá ń kọ 500 ọ̀rọ̀ lójúmọ́ á ní 40,000 ní ọjọ́ 80. Kó wá gbé e pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó padà kà á sókè ketekete, nítorí etí Yorùbá a máa rí àṣìṣe tí ojú fò. Lẹ́yìn náà, kó fún èèyàn méjì kà, ọ̀kan tó fẹ́ràn irú ìtàn bẹ́ẹ̀ àti ọ̀kan tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìbéèrè tó wúlò jù láti bi wọ́n ni pé ibo ni wọ́n ti gbé e kalẹ̀ lọ jẹun.

Ọjà tó tóbi jù fún ìtàn báyìí ṣì jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé irú ìtàn yìí ní Amẹ́ríkà, SFWA, tó ń fúnni ní ẹ̀bùn Nebula, ka ohun tí kò tó 7,500 ọ̀rọ̀ sí ìtàn kúkúrú, ohun tó bá sì ti tó 40,000 sí ìwé ìtàn àròsọ gidi. Ìsọ̀rí méjì wà láàárín wọn. Ní 2019, sẹ́ǹtì 8 lórí ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n sọ di owó iṣẹ́ tó yẹ; ní iye yẹn, ìtàn 4,000 ọ̀rọ̀ á mú dọ́là 320 wálé. Olótùú tó bá ní kí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó gbé ìtàn rẹ̀ jáde, kí a sá fún un. Ní oṣù kejì ọdún 2023, ìwé ìròyìn Clarkesworld, tó ń tẹ irú ìtàn yìí jáde, dá gbígba ìtàn dúró fúngbà díẹ̀ nítorí ìtàn tí ẹ̀rọ kọ rọ́ wọlé débi pé wọn ò rí ti èèyàn yẹ̀ wò mọ́.

Ìtàn lè lọ kó tún bọ̀ ní ìgbà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ èsì kì í ju ìlà méjì lọ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, olótùú á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìparí kò wọ òun lára, ìyẹn sì ni lẹ́tà tó níye lórí jù. Nígbà tó bá dé, òǹkọ̀wé kì í wá ìparí tuntun kiri. Ìwé àkọsílẹ̀ ló ń ṣí, ó ń wo iye tí ogbó ń gbà. Ọkùnrin náà dúró ní oríta Àjàṣẹ́-Ìpó, níbi tí ọ̀nà Ọ̀fà àti ọ̀nà Òmù-Àrán ti pín yà. Ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ ti di ọ̀nà tuntun sí i, nítorí náà ogbó lè fi hàn án. Ọ̀nà kan péré ló ṣẹ́ kù tó ṣì mọ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà ilé alágbẹ̀dẹ. Bó bá lọ sílé, kò ní lè dá ogbó padà mọ́ láé. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ogbó ti ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọjú sí Òró.