Bí òjé ṣe wọ inú epo mọ́tò, tó sì lo ọdún 98 kó tó jáde

Tí ọ̀rọ̀ bá ti dé orí bí àwọn kọ́ńpìnì ńlá ṣe ń darí sáyẹ́ǹsì, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ sọ ni pé wọ́n ti fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lówó kí wọ́n lè purọ́. Àlàyé yẹn rọrùn, ó sì dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń bí èèyàn nínú, torí kì í jẹ́ ká rí iṣẹ́ gidi tó ń lọ lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó gbowó tó sì purọ́, ọjọ́ kan ni wọ́n máa ká a mọ́. Èyí tó le ni ti ẹni tí ò purọ́ rárá, tó ń wọn nǹkan bó ṣe yẹ, tó ń kọ nọ́ńbà tó rí gan-an sílẹ̀, síbẹ̀ tó jẹ́ pé ibi tí kọ́ńpìnì ń fẹ́ ni gbogbo ẹ̀ máa já sí. Ìtàn òjé inú epo bẹntiróòlù ló fi èyí hàn kedere jù, torí gbogbo ẹ̀ ló pé síbẹ̀: pátẹ́ǹtì (àṣẹ ìjọba tó ń sọ nǹkan di ti ẹnì kan ṣoṣo), láàbù yunifásítì, ìjọba, kọ́ọ̀tù, títí dé rìbá nígbẹ̀yìn.

Ká má fi ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì dá ara wa lágara. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ní bíi 1920, epo tó wà níta ò dáa tó, tí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́ agbára, epo á máa gbiná níbi tí ò yẹ kó ti gbiná, ẹ́ńjìnì á máa dún kọ́-kọ́-kọ́, agbára ẹ̀ á sì lọ sílẹ̀. General Motors, kọ́ńpìnì tó ń ṣe mọ́tò ní Amẹ́ríkà, ń wá nǹkan tí wọ́n lè pò mọ́ epo kí ariwo yẹn lè dákẹ́. Láàbù wọn wà ní Dayton, Ohio, Charles Kettering ni ọ̀gá ibẹ̀, Thomas Midgley ló ń ṣe àyẹ̀wò náà lábẹ́ ẹ̀. Ní December 9, 1921, wọ́n rí i pé tetraethyl lead ń ṣe é. Òjé tí wọ́n ti sọ di omi ni, òjé yẹn náà tó wà nínú bátìrì mọ́tò, irin tó wúwo tó sì rọ̀. Ohun tí ò tó ṣíbí tíì kan nínú gálọ́ọ̀nù epo kan, ariwo dákẹ́ pátápátá.

Ibí ni pátẹ́ǹtì ti wọlé, ọ̀pọ̀ àlàyé ló sì máa ń fò ó. Kì í ṣe òjé nìkan ló lè pa ariwo ẹ́ńjìnì. Ethanol náà ń ṣe é, ọtí yẹn gan-an tó wà nínú ògógóró, Midgley fúnra ẹ̀ sì mọ̀, ó ti ń sọ ọ́ ní gbangba kí wọ́n tó rí òjé lò. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gba pátẹ́ǹtì lórí ọtí? Àgbẹ̀ tó bá ti ní àgbàdo tàbí ìrèké lè ṣe é lẹ́yìnkùlé ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kéèyàn tó rí iṣẹ́ ọtí nínú epo, ó máa dà á síbẹ̀ púpọ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé gbogbo gálọ́ọ̀nù ọtí tó bá wọ inú táǹkì mọ́tò, epo ló gba àyè mọ́ lọ́wọ́, àwọn tó ń ta epo ò sì lè fẹ́ ìyẹn láéláé. Tetraethyl lead fúnra ẹ̀ ò jẹ́ nǹkan tuntun, onímọ̀ kẹ́mísìrì kan tó jẹ́ ọmọ Jámánì ti ṣe é láti àwọn ọdún 1850, àmọ́ kéèyàn dà á sínú epo mọ́tò ni tuntun, ìlò yẹn ni wọ́n sì gba pátẹ́ǹtì lé lórí. Láti ìgbà yẹn, gálọ́ọ̀nù tí wọ́n bá ṣáà ti pò ó mọ́, ẹni tó ni pátẹ́ǹtì ní owó tiẹ̀ níbẹ̀. Pátẹ́ǹtì ò ní ojú tó fi ń wo èwo ló dáa jù fún ará ìlú, ojú tó fi ń wo èwo lèèyàn lè sọ di tiẹ̀ nìkan ló ní, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọtí pàdánù kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ọ̀rọ̀ ìlera.

February 1923 ni wọ́n kọ́kọ́ tà á ní ilé epo kan ní Dayton. Ethyl ni wọ́n sọ ọ́, wọn ò dárúkọ òjé níbẹ̀ rárá, torí láti ayé àwọn ará Róòmù ni wọ́n ti mọ̀ pé májèlé ni òjé. Ní 1924, General Motors àti kọ́ńpìnì epo Standard Oil ti New Jersey dá kọ́ńpìnì Ethyl sílẹ̀, DuPont tó ń ṣe kẹ́míkà sì wà lára àwọn tó ń ṣe òjé náà fún wọn. Pátẹ́ǹtì yẹn lágbára débi pé wọ́n fi ń darí ọjà epo: alágbàtà tó bá ń já owó lulẹ̀, wọn kì í fún un ní láísẹ́ǹsì, àfìgbà tí kọ́ọ̀tù tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá wọn lẹ́kun ní 1940 pé pátẹ́ǹtì ò fún wọn láṣẹ láti máa bá ẹlòmíì dá iye lé ọjà ẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ló kọ́kọ́ kú. October 1924, ní ilé iṣẹ́ Standard Oil ní Bayway, New Jersey, orí àwọn tó ń ṣe òjé náà bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń já ara wọn gbà bí ẹni tí ayé ń lé, márùn-ún kú, ọ̀pọ̀ dèrò ọsibítù. Ní ti DuPont ní Deepwater, àwọn òṣìṣẹ́ ń rí kòkòrò tí ò sí níbì kankan, wọ́n ń fọwọ́ gbá afẹ́fẹ́, débi pé ilé labalábá ni wọ́n ń pe ibi iṣẹ́ wọn. Midgley pe àwọn oníròyìn jọ, ó da nǹkan náà sọ́wọ́, ó fa òórùn ẹ̀ símú níṣojú wọn pé kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn lòun fúnra ẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sinmi torí òjé tó ti wọ̀ ọ́ lára.

Ìjọba pe ìpàdé ní Washington ní May 1925, àwọn Ethyl fúnra wọn dá títà á dúró ná. Alice Hamilton láti Harvard àti Yandell Henderson láti Yale kìlọ̀ níbẹ̀ pé ti fàktírì kọ́ ló burú jù, òjé díẹ̀díẹ̀ tí mọ́tò máa fọ́n sójú títì lójoojúmọ́ ni. Frank Howard tó gbẹnu sọ fún Ethyl ní ẹ̀bùn Ọlọ́run ni nǹkan náà. Ìgbìmọ̀ kan yẹ ọkùnrin 252 wò láàárín oṣù díẹ̀, nígbà tó di January 1926 wọ́n ní àwọn ò rí ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti fòfin dè é, àmọ́ kí ìwádìí máa lọ, torí irú àìsàn yìí lè pẹ́ lára kó tó hàn. Ìwádìí tí wọ́n ní kó máa lọ yẹn, ìjọba ò yọ owó ẹ̀ kalẹ̀. Àwọn oní-Ethyl ló yọ ọ́.

Ibi tó yẹ ká dúró sí rèé. Robert Kehoe, dókítà kan ní yunifásítì Cincinnati, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Òun ni ọ̀gá dókítà Ethyl, òun náà ló tún ń darí Kettering Laboratory ní yunifásítì yẹn, láàbù tí General Motors, DuPont àti Ethyl fowó gbé dìde ní 1930. Àdéhùn wọn ni pé èsì tó bá jáde, àwọn tó sanwó ló máa kọ́kọ́ rí i kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ síta. Fún bí ogójì ọdún, ìjọba o, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn o, ẹni yòówù tó bá fẹ́ mọ bí òjé ṣe ń ṣe lára èèyàn, iwájú Kehoe ló máa ń já sí, torí kò fẹ́ẹ̀ sí ẹlòmíì tó rówó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Òfin tí Kehoe ń tẹ̀lé ò ju báyìí lọ: ẹ fi hàn mí pé ó ń ṣèèyàn léṣe, a máa dá a dúró, tẹ́ ò bá sì lè fi hàn, ẹ jẹ́ ká máa tà á lọ. Téèyàn bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó jọ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹni tó ń ta ọjà ò ní ẹjọ́ kankan láti jẹ́, ará ìlú tó ń fà á símú ló máa lọ wá ẹ̀rí, láàbù kan ṣoṣo tó sì lè bá a wá ẹ̀rí ọ̀hún, ọlọ́jà ló ń bọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ Kehoe ò purọ́ o. Ó wọn òjé nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, ó rí òjé níbẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá rò ó pé ó yẹ kóun rí àwọn tí ẹ̀yìn mọ́tò ò dé ọ̀dọ̀ wọn, kóun fi wọ́n wé àwọn ti ìlú ńlá, ìrònú tó dáa lèyí. Ó lọ sí abúlé kan ní Mexico ní àwọn ọdún 1930, níbi tí mọ́tò ò ti sí, ó yẹ ìtọ̀ àwọn ará ibẹ̀ wò, òjé tún wà níbẹ̀. Ló bá ní òjé jẹ́ nǹkan àdáyébá lára èèyàn, gbogbo ayé ló ní in, bó ṣe ń wọlé ló ń jáde, kò sí ewu àfi tó bá kọjá ìwọ̀n kan. Àwọn ará abúlé yẹn, àwo amọ̀ ni wọ́n fi ń jẹun, òjé ni wọ́n sì fi dán ojú àwo náà.

Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọjà gààrí kó lè yé wa dáadáa. Tí ìyá onígààrí kan bá lu ìdí kóńgò ẹ̀ wọnú, ẹ máa mọ̀, torí ẹ máa gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹni kejì. Ká wá ní ẹnìkan ti lu ìdí gbogbo kóńgò tó wà ní Bódìjà, ní Mile 12, ní gbogbo ọjà pátá, lóru ọjọ́ kan náà ńkọ́? Ẹ gbé kóńgò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíì, wọ́n á dọ́gba. Ẹ wọn gààrí ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, iye kan náà lẹ máa rí. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ò ṣe màgòmágó, ìwé ẹ̀ mọ́ tónítóní, tẹ́ ẹ bá ní kó búra á búra, kò sì ní jìyà ìbúra. Màmá tó bá sọ pé gààrí yìí ti dín sí ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní kó mú ẹ̀rí wá, kóńgò tó sì máa fi wá ẹ̀rí, ọ̀kan lára èyí tí wọ́n ti lù náà ni. Kò sí bí wọ́n ṣe máa mọ̀ láéláé, àyàfi tí ẹnìkan bá lọ wú kóńgò àtijọ́ kan jáde nílẹ̀, èyí tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó lu àwọn yòókù.

Clair Patterson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà, ló wú u jáde, ọ̀rọ̀ òjé inú epo kọ́ ló tiẹ̀ ń wá. Ọjọ́ orí ayé ló ń wá. Ó fi òjé inú òkúta tó já láti ojú ọ̀run ṣírò pé ayé yìí ti tó bílíọ̀nù 4.55 ọdún, 1956 ni ìwé ẹ̀ jáde. Wàhálà tó bá pàdé nídìí iṣẹ́ yẹn ni pé ibi tó bá kàn án ni òjé wà: lára gíláàsì, nínú omi, nínú eruku, nínú irun orí ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ó ní láti kọ́ láàbù kan sí yunifásítì Caltech tí wọ́n ti ń fi ásíìdì fọ gbogbo nǹkan, tí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé gan-an, wọ́n ti sẹ́ ẹ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí òjé tó pọ̀ báyìí ti ń wá. Òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbẹ́ yìnyín ní Greenland, ibi tí yìnyín ti ń já lé orí ara wọn láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún wá, tí ìpele kọ̀ọ̀kan ní ọdún tiẹ̀. Nínú yìnyín àtijọ́, òjé ò fẹ́ẹ̀ sí. Bó ṣe ń sún mọ́ ayé fàktírì àti mọ́tò ni òjé ń lọ sókè.

Ní 1965, Patterson kọ ọ́ síta pé òjé tó wà lára ará Amẹ́ríkà ti tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ládàáyébá. Pé gbogbo èèyàn ní nǹkan lára ò sọ nǹkan náà di àdáyébá, ohun tí gbogbo iṣẹ́ Kehoe sì dúró lé nìyẹn. Kehoe wà lára àwọn tí wọ́n fún ní ìwé náà láti yẹ̀ wò kó tó jáde, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí àwọn lè ráyè wó o palẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, owó tí ẹgbẹ́ àwọn elépo, American Petroleum Institute, ń fún Patterson fún ìwádìí ẹ̀ dá. Nígbà tí National Research Council, àjọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, wá gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí òjé inú afẹ́fẹ́, tí èsì wọn jáde ní 1971, ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ jù ní gbogbo ayé ò sí lára àwọn tí wọ́n pè. Bí ètò yìí ṣe ń dáàbò bo ara ẹ̀ nìyẹn, wọn ò gbé e lọ sẹ́wọ̀n, wọn ò halẹ̀ mọ́ ọn, wọn ò kàn pè é ni.

Òótọ́ tí Patterson sọ nìkan kọ́ ló sì yọ òjé. Láti mú kí èéfín mọ́tò mọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin 1970 ṣe wí, wọ́n fẹ́ máa fi catalytic converter sí sàlẹ́ńsà, òjé sì máa ń ba nǹkan yẹn jẹ́. General Motors tó bí òjé inú epo ti ta ìpín ẹ̀ nínú Ethyl láti 1962, òun náà ló wá ń sọ pé kí wọ́n yọ ọ́. Àwọn Ethyl pe ìjọba lẹ́jọ́, wọ́n pàdánù ní 1976. Láàárín 1976 sí 1980, bí òjé ṣe ń dín nínú epo ló ń dín nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, ó fi bíi 37% lọ sílẹ̀, ohun tó jẹ́ àdáyébá ò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1979, Herbert Needleman, dókítà àwọn ọmọdé, yẹ eyín wàrà àwọn ọmọ ilé ìwé wò, ó rí i pé àwọn tí òjé pọ̀ nínú eyín wọn ò ṣe dáadáa tó ẹgbẹ́ wọn nínú ìdánwò ọpọlọ. Wọ́n fẹ̀sùn màgòmágó kàn án fún iṣẹ́ yẹn lẹ́yìn náà, ó pẹ́ kí wọ́n tó dá a láre. Ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà tó fòfin dè é pátápátá fún mọ́tò ojú títì.

Àwa ńkọ́? Èéfín táwọn tó dàgbà sí Ọ̀ṣọ́dì tàbí Mọ́kọ́lá láyé mólúè fà símú, òjé wà níbẹ̀. Ìpàdé Dakar ní June 2001 ni àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ Sàhárà ti fẹnu kò láti yọ ọ́, nígbà tó sì fi máa di January 2006 wọ́n ti ṣe é, ọdún márùn-ún péré, iṣẹ́ tó dáa gan-an tí a kì í sọ tó. Algeria ló ṣẹ́ kù sẹ́yìn ní gbogbo ayé, July 2021 lòun náà jáwọ́.

Àsìkò tí ọjà ń tán lọ yìí ni rìbá tó jáde. Innospec, kọ́ńpìnì tó ń ṣe tetraethyl lead ní Ellesmere Port ní England, jẹ́wọ́ ní March 2010, ní kọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà àti ti England, pé àwọn fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Iraq àti Indonesia ní rìbá kí wọ́n lè máa ra ọjà àwọn. Ẹ wo ìgbà tó jẹ́ o. Nígbà tí pátẹ́ǹtì ṣì wà, tí Kehoe ṣì wà, tí ẹrù ẹ̀rí ṣì wà lórí ará ìlú, òfin ò dí wọn lọ́wọ́, wọ́n ń tà á ní gbangba. Rìbá ni ohun tó kù fún wọn nígbà tí gbogbo ìyẹn ti wó. Ẹni tó bá sì ń wá rìbá kiri kó tó gbà pé kọ́ńpìnì ti darí sáyẹ́ǹsì, ìparí ìtàn ló ń wò, ọdún tó gùn jù nínú ẹ̀ ti kọjá lójú ẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké tó ń lo ẹ́ńjìnì písítìn ṣì ń jo tetraethyl lead lóde òní, èsì tí wọ́n sì ti ń fún àwọn tó ní kí wọ́n yọ ọ́ látọdún gbọọrọ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá èyí tó máa rọ́pò ẹ̀ wá.