Perendinate: ọ̀rọ̀ tó fo ọ̀la dá

Ọ̀rọ̀ ìṣe kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ni èdè náà kò gbọ́ rí, òun ni perendinate. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ènìyàn sún iṣẹ́ tó yẹ ní ṣíṣe lónìí di ọ̀túnla. Kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú procrastinate tó gbajúmọ̀ jù ú lọ. Inú procrastinate ni cras wà, orúkọ tí àwọn ará Róòmù ń pe ọ̀la. Ẹni tó bá procrastinate fi iṣẹ́ rẹ̀ dọ̀la, ẹni tó bá perendinate ti fo ọ̀la dá.

Perendie ni Látìn, èdè àwọn ará Róòmù, ń pe ọ̀túnla, die tó sì gbẹ̀yìn rẹ̀ kò ju ọjọ́ lọ. Perendie ló bí perendinus, perendinus ló bí perendinare, tí Gẹ̀ẹ́sì yá lò.

Ní kóòtù Róòmù, bí wọ́n bá ń gbọ́ ẹjọ́ gómìnà tó fipá gba owó lọ́wọ́ ará ìlú, wọn a gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, wọn a fi ọjọ́ kan sí àárín, wọn a sì tún un gbọ́. Comperendinatio ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí Cicero, agbẹjọ́rò Róòmù, ń gbèjà Murena, olóṣèlú kan, ní kóòtù ní ọdún 63 ṣáájú ìbí Kristi, ó bẹnu àtẹ́ lu àwọn amòfin pé láti ọjọ́ yìí wá, wọn kò tíì mọ èyí tí àwọn ìbá máa lò nínú “ọjọ́ kẹta” àti “ọ̀túnla.”

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Ọ̀túnla jẹ́ ọjọ́ kẹta fún wọn nítorí pé wọ́n ń ka òní mọ́ ọn: òní ni àkọ́kọ́, ọ̀la ni èkejì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwa náà ń kà á. Ẹ wo ìjẹta: ẹ̀ta ló wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àná nìkan ló wà láàárín òun àti òní. Nudius tertius ni Látìn ń pe ìjẹta, èyí tó túmọ̀ sí pé òní ló pé ọjọ́ kẹta. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún náà kò yàtọ̀. Ìyá aláta tó ná an ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni yóò tún di ẹrù rẹ̀ lọ, oorun mẹ́rin péré ni yóò sì ti sùn.

Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀túnla tẹ́lẹ̀, overmorrow, tó wà nínú Bíbélì èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Coverdale, olùtúmọ̀ Bíbélì, tẹ̀ jáde ní ọdún 1535, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kó kú. Nítorí náà ni ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé perendinate lédè Gẹ̀ẹ́sì fi ń kọ odidi gbólóhùn. Lédè tiwa, “fi dọ̀túnla” ti tó o, kí a sì fi “fòní dónìí, fọ̀la dọ́la” sílẹ̀ fún procrastinate.