Iná, ẹwìrì àti ìgò: bí a ṣe ń ka àwòrán àwọn alákẹ́mì láti Flanders

Iná ni kí èèyàn kọ́kọ́ wò. Àwọn ayàwòrán Flanders (apá kan Bẹ́ljíọ̀mù òde òní) ya àwọn alákẹ́mì gan-an ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti ìkẹtàdínlógún, ìyẹn àwọn tó ń wá bí wọ́n á ṣe sọ òjé di wúrà, tí wọ́n sì tún ń po oògùn. Iná oríṣi méjì ló máa ń wà níbẹ̀, iṣẹ́ wọn ò sì jọra.

Iná àkọ́kọ́ ni ti ẹwìrì. Wúrà kì í yọ́ àfi tí ooru bá dé 1,064°C. Ti fàdákà jẹ́ 962°C. Èédú tó kàn ń jó jẹ́jẹ́ kò lè gbé e débẹ̀, àfi kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i. Níbi tí ẹwìrì bá wà, ìkòkò amọ̀ kékeré tí wúrà tàbí fàdákà ń yọ́ nínú rẹ̀ kì í jìnnà.

Iná kejì kò fẹ́ ẹwìrì rárá. Ìgò oníkùn róbótó ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ìdérí onímú gígùn, àti ìgò mìíràn tó ń gba ohun tó ń kán. Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń se ògógóró mọ ìyókù. Ọtí inú wáìnì ń hó ní nǹkan bí 78°C, omi ní 100°C. Àárín méjèèjì yìí ni iṣẹ́ wà. Bí iná bá le jù, omi á bá ọtí jáde. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé ìgò sínú yanrìn, eérú tàbí omi gbígbóná. Amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ ìgbẹ́ ẹṣin àti irun ni wọ́n fi ń dí oríkèé. Bó bá yára gbẹ jù, á sán, oru inú ìgò á sì máa jò. Bí wọ́n bá dí gbogbo ojú ihò pa, ìgò lè bẹ́. Àfọ́kù ilẹ̀ tó kún inú àwòrán wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán.

David Teniers Kékeré (1610–1690) ya ìran yìí léraléra: bàbá onírùngbọ̀n pẹ̀lú ẹwìrì níwájú, àwọn ọmọ iṣẹ́ lẹ́yìn, ìwé ṣíṣí nítòsí. Ó mọ irinṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ta ló máa ń tẹ́ ìwé kalẹ̀ sẹ́bàá iná báyẹn?

Pieter Bruegel Àgbà kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà nípa ìgò. Nínú àwòrán rẹ̀ ti 1558, tí Philips Galle fín sórí bàbà, tí Hieronymus Cock sì tẹ̀ jáde ní Antwerp, ipa owó ló ń tọ̀. Baálé ilé ń ju ẹyọ owó sínú ìkòkò ìyọ́rin, aláwàdà ń fẹ́ ẹwìrì, ìyàwó ń tú àpò tó ti gbẹ, àwọn ọmọ sì ti gun inú kọ́bọ́ọ̀dù tí kò sí oúnjẹ, ọ̀kan nínú wọn dé ìkòkò sórí. Ojú fèrèsé ló ti fi ọjọ́ iwájú hàn: ìdílé yìí kan náà ń wọ ilé ìtọ́jú àwọn aláìní.

Jan van der Straet, ọmọ ìlú Bruges ní Flanders, kò ya òṣì kankan sínú tirẹ̀ ní 1570. Ọmọba Francesco de' Medici ló ni yàrá tó yà á sí ní ààfin Palazzo Vecchio ní Florence, ní Ítálì, ọmọba ọ̀hún fúnra rẹ̀ ló sì wà nínú àwòrán náà tó ń ro nǹkan lórí iná.