Wíwá àwọn nọ́mbà àkọ́kọ́ àkànṣe pẹ̀lú kọ̀ǹpútà

Nọ́mbà àkọ́kọ́ ni nọ́mbà odidi tó ju 1 lọ, tí kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀: 2, 3, 5, 7, 11 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan nínú wọn ní ìrísí àrà ọ̀tọ̀, ètò kọ̀ǹpútà sì ni wọ́n sábà fi ń wá wọn lónìí. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Faransé kọ́ ìṣirò nílé ẹ̀kọ́, nombre premier ni akẹ́kọ̀ọ́ ń bá nínú ìwé.

Asẹ́ Eratosthenes

Ọ̀nà yìí jẹ́ ti Eratosthenes, ọ̀mọ̀wé Gíríìkì àtijọ́. Kọ nọ́mbà láti 2 dé 100. Pa ìlọ́po 2 rẹ́, kí o dá 2 fúnra rẹ̀ sí. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún 3, 5 àti 7. Nọ́mbà 25 ló máa kù sórí asẹ́. Kò sí ìdí láti kọjá 7, nítorí 11 × 11 ti ju 100 lọ.

Nọ́mbà àkọ́kọ́ Mersenne

Asẹ́ kò wúlò mọ́ bí nọ́mbà bá ti tóbi gan-an. Ìrísí 2ᵖ − 1 (ìyẹn 2 lọ́nà p tí a sọ di púpọ̀ pọ̀, kí a wá yọ 1), tí wọ́n fi orúkọ Marin Mersenne (1588–1648) ará Faransé pè, ló ti mú èso jáde jù lọ. Dandan ni kí p jẹ́ nọ́mbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó: 2¹¹ − 1 jẹ́ 2047, èyí tí í ṣe 23 × 89. Ní 1772, Euler, onímọ̀ ìṣirò ará Switzerland, fi ẹ̀rí hàn pé 2³¹ − 1, ìyẹn 2147483647, jẹ́ nọ́mbà àkọ́kọ́. Dígíìtì 10 ló ní, iye kan náà tí nọ́mbà fóònù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní láti òpin oṣù kọkànlá 2024.

Ìdánwò Lucas–Lehmer, tó ń sọ bóyá 2ᵖ − 1 jẹ́ nọ́mbà àkọ́kọ́, ni ọkàn iṣẹ́ náà, ìkúrú rẹ̀ sì yani lẹ́nu. Bẹ̀rẹ̀ láti orí 4. Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, yọ 2 kúrò, fi 2ᵖ − 1 pín in, kí o mú àṣẹ́kù. Tún un ṣe títí yóò fi pé ìgbà p − 2. Bí 0 bá gbẹ̀yìn, nọ́mbà àkọ́kọ́ ni. Fún p = 5, 31 là ń dán wò: 4 di 14; 14 di 194, àṣẹ́kù rẹ̀ jẹ́ 8; 8 di 62, tí í ṣe 31 lọ́nà méjì gééré, àṣẹ́kù 0.

Kọ̀ǹpútà kò tilẹ̀ nílò láti pín nǹkan kan. Lójú rẹ̀, tó ń fi 0 àti 1 nìkan kọ nọ́mbà, 194 ni 11000010. Nítorí p jẹ́ 5, gé dígíìtì márùn-ún ìkẹyìn, 00010, tí í ṣe 2. 110 tó kù jẹ́ 6. 6 + 2 jẹ́ 8. Ẹni tó bá ń lo èdè ètò kọ̀ǹpútà tí nọ́mbà rẹ̀ kò ju bíìtì 64 (dígíìtì 0 tàbí 1) lọ ní láti ṣọ́ra, nítorí bí p bá ti ju 32 lọ, ìsọdipúpọ̀ náà yóò kún àkúnya. Python, èdè ètò kọ̀ǹpútà mìíràn, kò ní ìṣòro yìí; kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán lè fi parí p = 521 kí èèyàn tó ṣẹ́jú.

2⁵²¹ − 1 yìí ni Raphael Robinson fi kọ̀ǹpútà SWAC rí ní Los Angeles, ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní 1952, pẹ̀lú 2⁶⁰⁷ − 1. Èyí tó tóbi jù tí wọ́n kéde ní oṣù kẹwàá 2024 ni 2¹³⁶²⁷⁹⁸⁴¹ − 1, tó ní dígíìtì 41,024,320. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé irú wọn kò lópin, àmọ́ kò tíì sí ẹ̀rí.

Àwọn irú mìíràn

Bí p àti 2p + 1 bá jọ jẹ́ nọ́mbà àkọ́kọ́, p jẹ́ nọ́mbà àkọ́kọ́ Sophie Germain, tí wọ́n fi orúkọ obìnrin onímọ̀ ìṣirò ará Faransé kan pè. 11 jẹ́ ọ̀kan, nítorí 2 × 11 + 1 jẹ́ 23. Àwọn ìbejì, bíi 11 àti 13, fi 2 jìnnà síra. Àwọn mìíràn ṣeé kà síwá-sẹ́yìn, bíi 131.

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀

Institut de Mathématiques et de Sciences Physiques, ilé ẹ̀kọ́ gíga fún ìṣirò àti físíìsì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, wà ní Dangbo, ní àríwá Àjàṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ní Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́ tó ní kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì lè bá GIMPS, ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1996, wá nọ́mbà Mersenne lọ́fẹ̀ẹ́. Prime95, ètò tí wọ́n ń lò, máa ń fi iṣẹ́ pamọ́ lóòrèkóòrè. Bí iná bá lọ, ibi tó fi pamọ́ kẹ́yìn ni yóò ti tẹ̀síwájú.