Áláàmù ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tí kò fẹ́ dákẹ́

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké?" Ìbéèrè tí mo fi ń pàdé gbogbo ẹni tó bá gbé ẹ́ńjìnnì wá bá mi létí odò ní Lọ́kọ́jà nìyẹn, kí n tó mú sípánà rárá. Ìdáhùn rẹ̀ ti ń ṣe ìdajì iṣẹ́ fún mi.

Bó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù bí omi àmù, ló ti ń han, kò sóhun tó gbóná níbẹ̀. Wáyà ni, tàbí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń mọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná jù tó sì ń jẹ́ kí áláàmù ké, tàbí kó jẹ́ pé ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti wà lójú omi fún bí ìṣẹ́jú 10 kó tó bẹ̀rẹ̀, ooru ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan sì wà tó máa ń dún pí lẹ́ẹ̀kan péré tí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, tó sì dákẹ́. Ohùn ara rẹ̀ ló ń dán wò, ẹ má dá a lóhùn.

Tó bá ké lójú omi, ẹ dín eré kù, kẹ́ ẹ bojú wẹ̀yìn. Ihò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tí omi máa ń tú jáde níbẹ̀. Àwa mẹkáníìkì a máa ní ẹ́ńjìnnì ń tọ̀. Tí kò bá tọ̀ mọ́, tàbí tó ń kán tó, tó, bí ìtọ̀ arúgbó, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ lọ sí bèbè. Ẹ má da omi tútù sí i lórí o, irin tó gbóná lè là. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀, apá tó ń wọ inú omi, sókè. Ẹnu tó fi ń mu omi wà nísàlẹ̀, lókè fáànù tó ń ti ọkọ̀ lọ, ó rí bí asẹ́. Nígbà ìkún omi oṣù Kẹwàá ọdún 2022, tí omi gba títì Lọ́kọ́jà sí Àbújá, tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé èrò kọjá níbi tí mọ́tò ń gbà tẹ́lẹ̀, ọ̀rá píọ́ wọ́tà ni mo ń fà yọ lẹ́nu asẹ́ yìí ṣáá, àti koríko, àti lọ́jọ́ kan, àkísà àǹkárá tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì ń dán. Ẹ wo ihò ìtọ̀ náà pẹ̀lú. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti pẹ́ nílẹ̀, agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé lè ti dí i pa. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹ fi máa gún un.

Inú pọ́ǹpù omi ni ọ̀rọ̀ gan-an wà lọ́dọ̀ tiwa níbí. Odò Ọya kò níyọ̀ bí òkun, nítorí náà kì í ṣe iyọ̀ ló ń dí ọ̀nà omi wa. Yanrìn ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà, tí òkìtì yanrìn yọrí láàárín odò, àwọn awakọ̀ tó ń lọ Shintaku ní òdìkejì odò a máa fi agbára gba orí rẹ̀ kọjá, ìmpẹ́là ló sì ń jìyà rẹ̀. Rọ́bà tó ń yí nínú pọ́ǹpù láti ti omi gòkè ni ìmpẹ́là, ó lápá yíká bí ìràwọ̀. Ẹ mú un lọ́wọ́, kẹ́ ẹ tẹ apá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá tẹ̀ tí kò padà dúró, tàbí tó ti là nídìí, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Lọ́dọọdún ló yẹ, ẹni tó bá sì ń gba inú yanrìn kò gbọdọ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀.

Bí apá kan bá ti já, ẹ wá a. Mo ti ṣe èyí rí: mo fi ìmpẹ́là tuntun sí ẹ́ńjìnnì bàbá apẹja kan, ará Ọ̀wọ́rọ̀, n kò sì bi ara mi pé níbo ni apá èyí tó já lọ. Ọjọ́ kẹta, bàbá padà dé. Kò bínú, ó kàn ní, "Ọmọ mi, ó tún ń sunkún." Ẹyọ rọ́bà náà ló ti bá omi gòkè, tó lọ jókòó sẹ́nu tẹmósítáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tó máa ń ṣí fún omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ìtọ̀ dáadáa kò tó ẹ̀rí. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, omi ti ń tọ̀ jáde kó tó dé ọ̀dọ̀ tẹmósítáàtì, nítorí náà òkè lè máa jó kí ìsàlẹ̀ máa tọ̀. Ẹ tú tẹmósítáàtì, ẹ fi okùn so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná. Ó gbọ́dọ̀ ti ṣí tipẹ́ kí omi tó hó.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì kò gùn. Tí ẹ́ńjìnnì yín bá ní táǹkì ọ́ìlì tirẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ti gbẹ. Tó bá jẹ́ fóò-sítróòkù, irú èyí tí a kì í po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, ẹ gbé e dúró ṣánṣán, kẹ́ ẹ fa ọ̀pá ìwọ̀n yọ. Ọ́ìlì tó bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ má ṣíná sí ẹ́ńjìnnì náà rárá.

Ìgbà tí gbogbo ìyẹn bá dára ni kẹ́ ẹ tó wá bá wáyà. Lára ọ̀pọ̀ Yamaha, wáyà aláwọ̀ pínkì ló ń bọ̀ láti ara sẹ́ńsọ̀ ooru. Ẹ yọ ọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kẹ́ ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́. Tí igbe bá dáwọ́ dúró, sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́. Tí kò bá dáwọ́ dúró, tí ọ́ìlì sì pé, ibì kan ni wáyà ti bó tó ń fara kan irin. Ẹ tọ ipa rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, pàápàá níbi tó ti ń gbo ara rẹ̀ mọ́ nǹkan.

Ẹ má gé e o. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì kan wá bá mi tí ẹnì kan ti gé wáyà yìí, tó sì fi téèpù dúdú dì í mọ́ra bíi pé ó ṣe iṣẹ́ rere. Písítìn ti lẹ̀ mọ́ inú sìlíńdà, fáànù kò yí mọ́. Ìmpẹ́là rẹ̀ kò sì ju rọ́bà kékeré kan tí kò lápá mọ́.

Tí ẹ bá ti tún un ṣe tán, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ fi ẹnu wáyà pínkì náà, apá tó ń lọ sọ́dọ̀ áláàmù, kan ara irin ẹ́ńjìnnì. Tó bá ké, ẹ dá a padà sójú ibi tó wà, kẹ́ ẹ gbéra. Tí kò bá ké, ẹ ṣì níṣẹ́ láti ṣe.